Agbára Kọ́ Ni Wáyà Ń Fẹ́

Igba ìwé ètò ìsìnkú ni mo tẹ̀ lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Abúlé Ẹ̀gbá, tí lẹ́tà kan fò nínú orúkọ olóògbé. Ìyàwó olóògbé ò bú mi. Ó kàn ń wo ìwé náà ni, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Wáyà ló fa ìtìjú yẹn. Yàrá ẹ̀yìn ni kọ̀ǹpútà mi wà, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí eruku títì Abẹ́òkúta àti ọwọ́ àwọn jàgùdà. Kíbọ́ọ̀dù àti mọ́nítọ̀ nìkan ló wà níwájú. Àpótí kékeré méjì ló ń gbé iṣẹ́ láàárín wọn lórí wáyà nẹ́tíwọ̀kì kan. Nígbà tí mo gba ṣọ́ọ̀bù kejì mọ́ ti àkọ́kọ́, mo so wáyà mìíràn mọ́ ti àtijọ́ kó lè gùn tó. Látìgbà náà ni lẹ́tà ti ń ní òjìji, tí pupa ń yà kúrò lára àwọ̀ ewé. Kíbọ́ọ̀dù ńkọ́? A tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ni mo bá ń yí bọ́tìnì tó ń fi agbára kún àwòrán. Ńṣe ló ń burú sí i.

Ọmọkùnrin tó wá tún un ṣe dá mi lọ́wọ́ kọ́: "Bàbá, ẹ rọra. Ẹ ń pariwo sétí adití ni."

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún Wildman Whitehouse. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi ṣe olórí iná mànàmáná lórí wáyà tẹligíráàfù tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ òkun láti Ireland dé Newfoundland lọ́dún 1858. Nígbà tí Ọbabìnrin Victoria kí Ààrẹ James Buchanan ti Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ 98 péré gba nǹkan bíi wákàtí 16. Wáyà gígùn lábẹ́ omi a máa mu iná bíi kànrìnkàn kó tó tú u sílẹ̀, àmì kan á wá dà pọ̀ mọ́ èkejì. Whitehouse ní agbára ni kò tó. Ó ki nǹkan bíi fólítì 2,000 bọ̀ ọ́. Nínú oṣù Kẹsàn-án, wáyà dákẹ́.

Èmi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru ọkùnrin náà o, torí wáyà ọ̀hún fúnra rẹ̀ ò dára tó látilẹ̀. Ṣùgbọ́n William Thomson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Glasgow, ti ń wí tẹ́lẹ̀: ẹ jẹ́ kí wáyà nípọn, kí iná tí ẹ fi ránṣẹ́ kéré, kí ẹ̀rọ tó ń gbà á sì mọ́ ojú. Dígí kékeré kan ló fi ṣe tirẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń sún lára rẹ̀ bí iná bá ti fọwọ́ kàn án. Ọ̀nà yìí ló fi yọrí lọ́dún 1866.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, 1886, wáyà ilé iṣẹ́ African Direct Telegraph dé Èkó wa. Kò wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó yà ní Bathurst (Banjul òde òní), Freetown àti Accra. Ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀, akọ̀wé á gba iṣẹ́, á tún un tẹ̀ lákọ̀tun síwájú, kó má baà rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Kí ìyẹn tó dé, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé lẹ́tà lọ sí London, ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin náà tú wáyà mi, ó fi hàn mí pé okùn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n lọ́ ní méjì-méjì. Lílọ́ wọn ò dọ́gba, kí wọ́n má baà máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Nítorí náà, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Pupa, ewé àti búlúù, oníkálukú ní okùn tirẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn, wọn kì í dé pọ̀. Ó wá dá èyí tó ń yára dúró díẹ̀, ó sì dín agbára tí mo fi kún un kù. Ó gé ojú ìsopọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe dànù, ibẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù ti ń gbàgbé iṣẹ́. Ó fa wáyà kan ṣoṣo tí kò já, ó gbé e jìnnà sí wáyà jẹnẹrétọ̀, ó sì so àpótí méjèèjì mọ́ orísun iná kan náà.

Lẹ́tà mọ́ kedere. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tún igba ìwé yẹn tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì gbé e lọ sílé ìyá náà fúnra mi.