Ta Ni Yóò Bèèrè Ọmọ Tí Kò Wá? Ìtàn Ìrànlọ́wọ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́



Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà ní ilé kéú wa ní Ìmẹ̀rí. Ní àárọ̀, ó máa ń lọ sí ilé-ìwé. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò gbé wàláà rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Orí rẹ̀ pé, ohùn rẹ̀ sì dùn bí ó bá ń ka Àlùkùránì. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé. A bá a wí. Ó tún pẹ́ dé, a tún bá a wí, a sì ní kí ó dìde dúró lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí a fi ṣíwọ́. Láti ọjọ́ náà, a kò rí i mọ́. A rò pé iṣẹ́ oko ló gbé e lọ. Ó tó oṣù méjì kí a tó gbọ́ pé ìyá rẹ̀ wà lórí àìsàn, pé ọmọ náà ló ń pọnmi, tó ń dáná, tó sì ń tọ́jú àwọn àbúrò rẹ̀. Ilé-ìwé tó ń lọ ní àárọ̀ náà kò rí i ní gbogbo àkókò yẹn. Kò sí ẹni tó bèèrè rẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó bèèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn pípẹ́ tí ọmọ yẹn ń pẹ́ dé kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Láti ìgbà náà ni a ti ń wádìí bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ibi tí ọwọ́ wọn dé, àti ibi tó kù sí fún wa. Ohun tí a rí ni a gbé síwájú yín yìí.

ÀWỌN ARÁ SUFFA

Nígbà tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ṣí lọ sí Madina ní ọdún 622, àwọn kan wà láàárín àwọn Mùsùlùmí tí wọn kò ní ilé, tí wọn kò sì ní ẹbí ní ìlú náà. Ìbòòji kan wà ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí tí à ń pè ní Suffa. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ànábì a máa pín oúnjẹ tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ fún wọn, a sì máa rọ àwọn Sàábé rẹ̀ pé kí olúkúlùkù mú lára wọn lọ sílé láti jẹun. Ní ọdún 624, lẹ́yìn ogun Badr, wọ́n ní kí àwọn ẹrú ogun tó mọ̀wé tí kò rí owó san kọ́ ọmọ mẹ́wàá mẹ́wàá ní Madina ní ìwé, kí wọ́n fi ra ara wọn padà. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àti ìrànlọ́wọ́ ti jọ ń rìn.

Abu Huraira wà lára àwọn ará Suffa. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn pé ní ọjọ́ kan, ebi ń pa òun, òun sì jókòó sí ojú ọ̀nà. Abu Bakr ń kọjá, ó bi í léèrè nípa áyà kan nínú Àlùkùránì. Kì í ṣe pé kò mọ áyà náà. Ó fẹ́ kí ó pe òun wá jẹun ni. Abu Bakr dáhùn, ó sì kọjá lọ. Umar dé, bákan náà ló rí. Nígbà tí Ànábì dé, ojú ọmọkùnrin náà ni ó wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó mú un lọ sílé, ó bá igbá wàrà kan níbẹ̀, ó sì ní kí ó lọ pe gbogbo ará Suffa wá. Gbogbo wọn mu yó, òun náà mu yó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Abu Bakr àti Umar kì í ṣe ahun, àwọn ọlọ́rẹ jù lọ nínú àwọn Sàábé ni wọ́n. Ìbéèrè tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n dáhùn. Ẹni tí ojú ń tì kì í sọ ohun tó ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló máa ń fi bò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ebi pa ní ọjọ́ yẹn ló wá di ẹni tí hádíìsì tó gbà sílẹ̀ ju 5,000 lọ. Bí kò bá sí ẹni tó wo ojú rẹ̀, ta ló mọ ohun tí à bá pàdánù?

Àwọn tó tẹ̀lé wọn sọ ìrànlọ́wọ́ di ètò. Nígbà tí Nizam al-Mulk ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Nizamiyya ní Baghdad ní ọdún 1067, dúkìá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́run, tí à ń pè ní wakfu, ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ní Al-Azhar ní Cairo, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ibùgbé tiwọn. Àwọn ará Bọ̀nú láti apá ọ̀dọ̀ tiwa náà ní tiwọn níbẹ̀.

NÍ ILẸ̀ TIWA

Ní ilé kéú àtijọ́, owó kékeré ni ọmọ ń mú wá fún àlùfáà ní ọjọ́ Àlàrùbá. Ọmọ tí kò bá ní owó lè mú igi ìdáná wá, tàbí kí ó bá àlùfáà ṣiṣẹ́ oko. A kì í lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé Òyìnbó dé, ọwọ́ àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wà, ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí sì bẹ̀rù pé ọmọ àwọn yóò yí ẹ̀sìn padà. Ìdí nìyí tí ìjọba fi ṣí ilé-ìwé àwọn Mùsùlùmí ní Èkó ní ọdún 1896, pẹ̀lú akitiyan Edward Blyden. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1923, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó. Nawair-Ud-Deen tẹ̀lé e ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1939. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń dá owó, wọ́n sì ń kọ́ ilé-ìwé.

Síbẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí tó wà ní ilé-ìwé ìjọ ṣì dá wà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 1954, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn kóra jọ ní Èkó, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSS, sílẹ̀. Lateef Adegbite, tó wà ní King's College nígbà náà, ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: àwọn ọmọ ilé-ìwé ló bèèrè ara wọn, wọn kò dúró de àgbà.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ 456,600 ní ọdún 1954 di 811,432 ní ọdún 1955. Ọ̀wọ̀ wa níhìn-ín ní ìpín nínú ìtàn náà. Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, wà lára àwọn tó gbé àbá ẹ̀kọ́ náà kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ Action Group. Láti ọdún 1947 ló ti jẹ́ ọ̀gá ní Imade College ní Ọ̀wọ̀, ó sì ṣe ọ̀nà bí àwọn olùkọ́ abẹ́ rẹ̀ ṣe rí owó ìrànlọ́wọ́ láti lọ ka ìwé sí i ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ọdún 1979, ó di gómìnà àkọ́kọ́ tí àwọn ará ìpínlẹ̀ Oǹdó dìbò yàn, ó sì sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ìwé girama. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí tó ń ka ìwé yìí jẹ nínú rẹ̀.

OWÓ NÌKAN KÒ TÓ

Ṣùgbọ́n bí a bá mú owó ilé-ìwé kúrò lọ́rùn ọmọ, ọ̀rọ̀ ṣì kù. Ní ọdún 1959, àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tó ń darí ilé-ìwé St. Theresa ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, wo àwọn ọmọbìnrin 60 tó fẹ́ jáde, wọ́n sì bi ara wọn pé, kí ni àwọn ọmọ yìí fẹ́ fi ayé wọn ṣe? Wọ́n pe èèyàn 20 láti ẹnu oríṣiríṣi iṣẹ́ wá bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọn yóò yàn. Láti ibẹ̀ ni ètò ìmọ̀ràn fún akẹ́kọ̀ọ́ ti ta gbòǹgbò ní Nàìjíríà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè jáde ní ọdún 1977, ètò náà wọ inú rẹ̀. Ẹlẹ́sìn mìíràn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a kò sì tijú láti yìn wọ́n. Ohun rere, ibi yòówù tí a bá ti rí i, ẹ jẹ́ kí a mú un.

Lónìí, òfin ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé ìjọba. Fún ẹ̀yin tó fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìjọba àpapọ̀ fi òfin NELFUND lélẹ̀ ní ọdún 2024 láti yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, kò sì sí èlé lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fò yín dá. Àmọ́ kò sí èyí tí yóò kan ilẹ̀kùn ilé ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Ìmẹ̀rí nínú gbogbo rẹ̀. Òfin kì í wo ojú ọmọ. Èèyàn ló ń wò ó.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Nítorí náà, a mú àbá mẹ́rin wá fún àwọn ilé-ìwé àti ilé kéú wa ní Ìmẹ̀rí, ní Ìdóàní, ní Ifọ́n, àti ní gbogbo agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́.

Èkíní, kí a yan olùkọ́ kan ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ láti bèèrè. Ọmọ tí kò bá wá fún ọjọ́ mẹ́ta, kí olùkọ́ náà lọ sí ilé rẹ̀, kí ó má mú pàṣán lọ.

Èkejì, kí a ní àpò owó kékeré fún ìwé, bàtà àti aṣọ ilé-ìwé. Tálákà wà lára àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Sàárà sì wà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní àìní, Mùsùlùmí tàbí Kírísítẹ́nì. Kí èèyàn mẹ́ta jọ mọ̀ nípa owó náà, kí wọ́n sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí ìgbọ́ ìjọ ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta, kí a ka iye owó, kí a má ka orúkọ ọmọ. Ọmọ tí a bá pè jáde ní mọ́ṣáláṣí gẹ́gẹ́ bí aláìní kò ní padà wá gba ohunkóhun mọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ọmọ ìlú tó ti ríṣẹ́ ṣe máa wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nígbà ọdún Iléyá, bí wọ́n ti ṣe ní Òkè-Àdó. Nọ́ọ̀sì, mekáníìkì, olùkọ́ àti àgbẹ̀, gbogbo wọn ló ní ohun tí wọ́n lè sọ.

Ọmọ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ padà sí ilé-ìwé nígbà tí ara ìyá rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi kíláàsì kan ṣíwájú rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìparí ni ó máa ń jókòó sí, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. A bẹ̀ ẹ́, ó sì ní kò sí nǹkan, Áfáà. Ọdún kan tó pàdánù kò sí ní ọwọ́ wa láti dá padà. Láti ìgbà náà, bí ọmọ kan bá pẹ́ dé, a kì í kọ́kọ́ bi í pé kí ló dé tí ó fi pẹ́. Ohun tí a ń bi í ni pé, ṣé àlàáfíà ni àwọn ará ilé wà?

Kí Ọlọ́run Ọba fún wa ní ojú tí a ó fi rí àwọn ọmọ wa. Àmín.