Ta Ni Yóò Sanwó Tíṣà Iṣẹ́ Ọnà?

Nígbà tí ìjọba amúnisìn kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ran ilé ìwé lọ́wọ́ ní Èkó, iṣẹ́ ọnà kò sí nínú ìṣirò wọn. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882, àti ti 1887 tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn tí wọ́n ti ya Èkó kúrò lára Gold Coast, gbé owó ìrànwọ́ lé iye ọmọ tó ń wá sí kíláàsì àti bí wọ́n bá ṣe yege sí níwájú olùbẹ̀wò. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò ló ń mówó wálé. Àwọn ọmọbìnrin a fi aṣọ rírán kún un. Owó ibodè ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí ìjọba ń ná nígbà náà, pàápàá owó orí ọtí òyìnbó, débi pé a lè sọ pé jíìnì ló ń bá ọmọ Èkó ra síléètì. Ọ̀gá ilé ìwé kì í ṣe òmùgọ̀: ohun tí kò bá mówó wọlé, kò ní fi wákàtí ṣòfò lé e lórí. Láti ìgbà náà títí di òní, bí wọ́n bá ṣe kọ ìwé owó ìrànwọ́ ló ń pinnu ohun tí ọmọ yóò kọ́. Mo sì gbà pé iṣẹ́ ọnà kò lè fìdí múlẹ̀ ní àwọn sẹ́kọ́ńdìrì Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ àfi bí owó náà bá jẹ́ owó oṣù tíṣà, tí kì í ṣe owó ayẹyẹ.

Òfin ẹ̀kọ́ tí Gómìnà Lugard ṣe ní 1916 yí òṣùwọ̀n náà padà. Nínú 100, 30 lọ fún ìwà, ìbáwí àti ètò ilé ìwé, 40 fún ìdánwò àti ìlọsíwájú, 10 fún ilé àti ohun èlò. Tíṣà tó pé, tó sì mọṣẹ́, 20 péré ló kàn án. Inú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó fúnra rẹ̀ kọ́ àwòrán yíyà, bá ara rẹ̀. Ó lọ sí London ní 1920, ó padà dé ní 1922, ó sì ń ti ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, ó ń fi han àwọn ọmọ bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú àti bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó mọ̀ pé ẹnì kan kò lè dá a ṣe, ló fi ń rọ ìjọba láti gba olùkọ́ mìíràn. Kenneth Murray ló dé ní 1927, tí ìjọba ń san owó oṣù fún un. Ní 1937, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ àwọn márùn-ún nínú àwọn ọmọ tó kọ́, Ben Enwonwu pẹ̀lú wọn, sí Zwemmer Gallery ní London. Ọdún mẹ́wàá ni owó oṣù ẹnì kan fi ṣiṣẹ́ kó tó so èso yẹn.

Àwọn kan á ní ọwọ́ olùfúnni ní í wà lókè: ẹni tó bá sanwó ni yóò sọ ohun tí wọ́n máa kọ́. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ Murray gan-an jẹ́rìí sí i. Ọnàbólú fẹ́ kí ọmọ lè ya ojú ènìyàn bí àwọn ará Yúróòpù ṣe ń yà á, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè ṣe é. Òyìnbó tí ìjọba ń sanwó fún ló wá ń ti àwọn ọmọ padà sídìí igi gbígbẹ́ àti ìkòkò mímọ. (Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín díẹ̀.) Síbẹ̀, nígbà tí Enwonwu dàgbà, ọ̀nà tirẹ̀ ló tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961: owó Congress for Cultural Freedom wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni ayé gbọ́ pé CIA ló wà nídìí owó ẹgbẹ́ yẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ka Ṣóyínká tàbí Okigbo tó lè pè wọ́n ní àgbẹnusọ Amẹ́ríkà. Olùfúnni lè yan ibi tí iṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ni àṣẹ olùfúnni ń dín kù.

Àtakò tó le jù ni ti Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó di 1926, ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù sí èbúté tuntun ní Àpápá. Àwọn tó ń wáṣẹ́ wá, Ìjọ́, Urhobo, Ìgbò, Ìlàjẹ, Hausa àti Yorùbá, ló kún Ajégúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àárín wọn ni orin àti ijó galala ti jáde ní àwọn ọdún 1990, pẹ̀lú Daddy Showkey, Baba Fryo àti Daddy Fresh, láìsí owó ìrànwọ́ ilé ìwé kankan. Kí wá ni wọ́n ń fi owó ìrànwọ́ ṣe? Ṣùgbọ́n àwọn tó là nìkan là ń rí. Ẹ̀bùn tó kú sí ojúlé kò ní orúkọ. Àdúgbò lè kọ́ ọmọ ní ijó tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ jó, tí apá ń fì sọ́tùn-ún sósì, àmọ́ kò lè kọ́ ọ ní kíka orin lórí ìwé. Láti 2006 ni MTN Foundation ti ń sanwó fún àwọn tó ń gba dípúlómà orin ní ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON, ní Oníkan, òdìkejì omi sí Àpápá. Ọmọ tí kò rí tíṣà orin rí ní sẹ́kọ́ńdìrì yóò ti pẹ́ kó tó kan ilẹ̀kùn yẹn.

Ní 2009, Báńkì Àgbáyé yá wa ní mílíọ̀nù 95 dọ́là fún Eko Project. Nígbà tí ètò náà ń lọ, owó náà ń dé ọwọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba tààrà, ọ̀gá ilé ìwé sì ní ẹnu nínú ohun tí wọ́n máa rà, èyí tó dára púpọ̀. Àmọ́ ilé ìwé tí èsì ìdánwò rẹ̀ bá gòkè ló ń gba àfikún nígbà náà: òfin 1887 ló wọ aṣọ tuntun yẹn. Ẹni tó bá ní kí ìṣirò ṣáájú nínú kíláàsì tó kún fọ́fọ́ kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wá àyè tuntun fún iṣẹ́ ọnà. Ó ti wà lórí àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, lábẹ́ orúkọ Cultural and Creative Arts. Ẹni tó ń kọ́ ọ ni ìbéèrè, torí kì í ṣòro láti gbé e lé tíṣà tí kò kọ́ ọ rí lọ́wọ́. Bí àjọ kan, tàbí ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń jẹun lára èbúté Àpápá, bá fẹ́ ṣèrànwọ́, kí ó san owó oṣù tíṣà mẹ́ta fún ọdún mẹ́ta, kí ìjọba sì tọwọ́ bọ̀wé ṣáájú pé òun yóò máa san án láti ọdún kẹrin. Ọ́fíìsì méjì ni wọ́n máa mú ìwé náà lọ, nítorí Education District IV ni Àpápá wà, District V sì ni Ajégúnlẹ̀.