Adébáyọ̀ Fálétí: Ohùn kan nínú ewì, ìtàn àròsọ àti tẹlifíṣọ̀n

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló mọ Ọ̀pálábá, àgbàlagbà ọlọ́rọ̀ òwe inú fíìmù Ṣaworoidẹ. Díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé ẹni tó ṣe é, Alàgbà Adébáyọ̀ Fálétí, ti ń kọ ewì, ìtàn àròsọ àti eré onítàn, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, fún ọ̀pọ̀ ọdún kí fíìmù náà tó jáde ní 1999. Ẹni tó bá to iṣẹ́ rẹ̀ jọ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kan ló ń gbé kiri, láti inú ìwé títí dé orí afẹ́fẹ́: agbára tó kọjá àyè rẹ̀, àti ẹni tó dìde láti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Fálétí. Ní Ọ̀yọ́, arọ́kin a máa ròyìn àwọn ọba àná, onírárà a sì máa sun rárà fún ẹni tó wà lórí oyè. Ó bá ewì nínú ìwé pẹ̀lú. Ṣóbọ̀ Aróbíodu ti kọ tirẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Dẹ́nrelé Ọbasá sì ti tẹ Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì jáde ní Ìbàdàn ní 1927. Ìmọ̀ràn àti ọgbọ́n ìgbé ayé ló pọ̀ nínú ewì àwọn aṣáájú wọ̀nyẹn. Fálétí kò pa ìmọ̀ràn tì, ṣùgbọ́n ó mú ìtàn wọ inú ewì. Ó kọ ewì gígùn tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sí ara wọn, tí wọ́n ń jà, tí wọ́n ń dalẹ̀, bí ẹni pé ìtàgé ni wọ́n wà. Ní 1982, Ọlátúndé Ọlátúnjí kó àwọn ewì náà jọ sínú Ewì Adébáyọ̀ Fálétí, ó sì fi odidi ìwé mìíràn ṣe àtúpalẹ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fọhùn ló bí ilé iṣẹ́ tí Fálétí lọ ṣiṣẹ́. Ní 1953, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group bínú jáde kúrò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó nítorí àríyànjiyàn lórí òmìnira Nàìjíríà. Gómìnà Macpherson dá wọn lẹ́bi lórí rédíò. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì lórí rédíò yẹn, wọn kò gbà fún un. Nígbà tí ó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba rẹ̀ dá tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀. WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959, Fálétí sì wà lára àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ rẹ̀. Ó ń tọ́jú fíìmù, ó ń tún un tò, ó sì ń ka ìròyìn ní èdè Yorùbá. Ẹni tó ń ka ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ há ẹnu. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ìjọba ni yóò gbà lọ́wọ́, Yorùbá tí màmá oníṣòwò yóò gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò sì fi jáde. Ìdí nìyí tí gbólóhùn Fálétí nínú ìwé fi máa ń dún létí bí ọ̀rọ̀ ẹnu.

Kò fi iṣẹ́ oṣù pa ìwé kíkọ tì. Ní 1965, eré rẹ̀ Wọ́n Rò Pé Wèrè Ni jáde, níbi tó ti bá àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn wá owó wí. Ní 1969 ni ìtàn àròsọ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù jáde, Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Láti 1938 tí Fágúnwà ti kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, igbó àti iwin ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń tọ̀ lọ. Ìlú àti ìṣèlú ni Fálétí yà sí. Àwọn ará Òkè Ògùn ń sìn lábẹ́ Olúmokò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa pa koríko fún ẹṣin rẹ̀. Àjàyí, ọmọ Olókùn Ẹṣin, ní òun kò ní í pa á. Kíkọ̀ yẹn ló di ọ̀tẹ̀. Òun, Àyọ̀wí àti Ibíwùmí ni wọ́n jọ gbé e ró, ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sì ti ń gbọ́ ìtàn náà, obìnrin pẹ̀lú ọkùnrin. Fálétí kò gbà kí ẹnì kan ṣoṣo máa pìtàn òmìnira gbogbo ìlú. Ọdún tí ìwé náà jáde ni ìjà Àgbẹ́kọ̀yà gbóná ní ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn àgbẹ̀ ní àwọn kò san owó orí tó ń ni wọ́n lára.

Ní 1972, ó gbé eré rẹ̀ Baṣọ̀run Gáà jáde. Baṣọ̀run, olórí àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́, ló yẹ kó máa ká Aláàfin lọ́wọ́ kò, ṣùgbọ́n Gáà ti rán ọba ju ẹyọ kan lọ sí ọ̀run, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ gàba kiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tó pa Agbọ́yìn, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún, láti fi ṣe ètùtù, Abíọ́dún pe Ọyalabi, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ìlú sì parapọ̀ ṣẹ́gun Gáà ní 1774. Fálétí kò sọ pé ọba nìkan ló lè ni ènìyàn lára. Ẹni tí a fi ṣọ́ ọba náà lè di ẹrù ìlú.

Lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀, òun àti iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sójú fíìmù. Túndé Kèlání fi ìtàn rẹ̀ lórí mágùn, oògùn tí ọkọ fi ń ṣọ́ ìyàwó, ṣe Thunderbolt ní 2001: ọkọ Yorùbá kan fura sí Ngozi, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Igbo, ìfura yẹn sì fẹ́ pa á. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ Ṣaworoidẹ, ṣùgbọ́n ipa Ọ̀pálábá bá Fálétí mu gan-an. Lápitẹ́ jọba ní Jogbo láìbúra, kó lè ráyè kó ọrọ̀ ìlú jẹ. Orin àti òwe ni Ọ̀pálábá fi ń kìlọ̀ fún un. Fálétí tún padà nínú Agogo Èèwọ̀ ní 2002.

Ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù Keje, 2017. Ojú fíìmù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n lónìí, kò sì burú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá fi Ṣaworoidẹ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kó gbé Ọmọ Olókùn Ẹṣin àti ìwé ewì Fálétí lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ọmọ tó gbádùn òwe Ọ̀pálábá yóò bá Àjàyí pàdé níbẹ̀, yóò sì rí i pé Fálétí ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọgbọ̀n ọdún kí Ọ̀pálábá tó la ẹnu.