Ìgbéléwọ̀n Ìlú: Ojú Ta Ni A Fi Ń Wò Ó?

Kì í ṣe òní ni a ti ń to ìlú ní ipò. Ní 1917, ìjọba Lugard ṣe òfin tí ó pín àwọn ìlú Nàìjíríà sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkó nìkan ni ó wà ní ipò kìíní. Ìbàdàn, tí èrò inú rẹ̀ pọ̀ ju ti Èkó lọ nígbà náà, kò dé ibẹ̀. Bí àwọn Òyìnbó ti pọ̀ tó ní ìlú wà lára ohun tí a fi ń pín in.

Ní 2022, Economist Intelligence Unit to ìlú 172 ní ipò. Ààbò, ìlera, ẹ̀kọ́, àṣà àti àyíká, pẹ̀lú ohun amáyédẹrùn ni wọ́n wò. Vienna ṣe ìkíní. Èkó wà ní ipò 171. Àwọn ilé-iṣẹ́ a máa fi irú ìgbéléwọ̀n bẹ́ẹ̀ mọ iye owó ìnira tí yóò tọ́ sí òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá rán lọ sí ilẹ̀ òkèèrè.

Òṣùwọ̀n méjèèjì, ojú àlejò ni wọ́n fi wo ìlú. Síbẹ̀, kí a má fi èyí ṣe àwáwí: ìnira náà kì í ṣe irọ́. Àlejò yóò gba owó lórí rẹ̀, yóò sì padà sílé. Onílùú tí ń jẹ ìnira kan náà títí ayé rẹ̀, ta ni yóò san tirẹ̀?