Ìtàn Ìbáramu Ẹ̀rọ Nínú Ilé Onílàákàyè

Ìbáramu ẹ̀rọ nínú ilé onílàákàyè, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní smart home, ni pé kí gílóòbù, súìsì àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tí ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe lè máa gba àṣẹ láti ojú kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò le. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Pico Electronics ní ìlú Glenrothes, ní Scotland, ṣe ìlànà tí wọ́n ń pè ní X10. Wáyà iná tó ti wà nínú ògiri ni X10 fi ń ránṣẹ́. Lẹ́tà kan, láti A dé P, àti nọ́ńbà kan, láti 1 dé 16, ni àdírẹ́sì ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 256. Nígbà tó dé ọjà Amẹ́ríkà ní 1978, ohun kan ṣoṣo ni oníbàárà ní láti wò: ṣé X10 ni? Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó wà lórí wáyà kan náà a máa da iṣẹ́ rẹ̀ rú, súìsì kì í sì í jábọ̀ pé òun ti gbọ́ àṣẹ.

Ìgbì rédíò ló wá gba ipò wáyà, ibẹ̀ sì ni èdè ti pọ̀ sí i. Zensys ti ilẹ̀ Denmark ṣe Z-Wave. Zigbee tẹ̀ lé e ní 2004, lórí ìgbì 2.4 GHz. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ra rárá. Z-Wave tilẹ̀ ń yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀: 908.42 MHz ni ti Amẹ́ríkà, 868.42 MHz ni ti Yúróòpù. Súìsì tí èèyàn rà ní Houston kò ní dá ẹ̀rọ aṣàkóso tó wà ní London lóhùn, bí orúkọ ara páálí wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Láti 2012 ni ọjà gbóná: gílóòbù Philips Hue jáde ní ọdún náà, Apple kéde HomeKit, ètò ìṣàkóso ilé tirẹ̀, ní 2014, Amazon sì gbé Echo, ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ lẹ́nu ẹni, jáde ní ọdún kan náà. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn èdè wọ̀nyí wá di ohun iyebíye. Revolv jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nǹkan bí 300 dọ́là ni wọ́n ń tà á, ó sì gbọ́ Z-Wave, Wi-Fi àti èdè mìíràn tí wọ́n ń pè ní Insteon. Nest, tí Google ti rà, ra ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní 2014. Ní oṣù Karùn-ún 2016 wọ́n pa sáfà rẹ̀, ẹ̀rọ tó wà nílé àwọn tó ti sanwó sì di òkú páálí. Ó dun àwọn tó rà á gan-an, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè pàtàkì kan ti wọ inú àyẹ̀wò tí oníbàárà ń ṣe kó tó rajà: bí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ilé-iṣẹ́ bá lọ, ṣé ẹ̀rọ náà yóò ṣì ṣiṣẹ́?

Ní oṣù Kejìlá 2019, Amazon, Apple, Google àti Zigbee Alliance pinnu láti jọ ṣe ìlànà kan. Matter ni wọ́n sọ ọ́ ní 2021, àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jáde ní oṣù Kẹwàá 2022. Ẹ̀rọ Matter lè gba àṣẹ láàárín ilé láì gba ọ̀dọ̀ sáfà kọjá. Síbẹ̀, kámẹ́rà kò sí nínú àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ náà, àwọn ẹ̀rọ Matter tó ń lo ìlànà rédíò tí wọ́n ń pè ní Thread sì nílò ẹ̀rọ agbàwọlé Thread kí wọ́n tó lè dé orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé.

Matter kò sì ṣàtúnṣe iná. 120 fóòtì ni Amẹ́ríkà ń lò, nǹkan bí 230 sì ni Nàìjíríà, nítorí náà ẹrù tí ará Amẹ́ríkà bá fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn gbọ́dọ̀ ní 100–240V lára. Ìdí gílóòbù náà ṣe pàtàkì: èyí tí wọ́n ń yí wọlé kò lè wọ ojú èyí tí wọ́n ń tì bọ ihò kí wọ́n tó yí i díẹ̀. Ọ̀pọ̀ Wi-Fi inú ẹ̀rọ kéékèèké sì jẹ́ ti 2.4 GHz nìkan. Èyí tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù ni wáyà neutral, èyí tí iná ń gbà padà. Ọ̀pọ̀ súìsì onílàákàyè kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i, bẹ́ẹ̀ ni nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n fa wáyà wọn bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orí àjà, níbi gílóòbù, ló parí sí. Oníṣẹ́ iná ló yẹ kó ṣí ojú súìsì wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́.