Ọ̀rọ̀ Ìfijìn Níwájú Ìwé: Ìtàn Rẹ̀ Láti Ayé Àwọn Ará Róòmù Títí Di Ìgbà Tiwa

Ní ewé kan tí ó ṣáájú orí kìíní nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé, níbi tí ojú òǹkàwé tí ń kánjú kì í sábà dúró sí, ni òǹkọ̀wé ti máa ń dárúkọ ẹni tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jìn: ó lè jẹ́ ọba, ó lè jẹ́ aya, ó sì lè jẹ́ olóògbé tí kò ní kà á láéláé. Ọ̀rọ̀ náà kì í sábà ju ìlà kan tàbí méjì lọ láyé òde òní, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ ẹ̀bẹ̀ gígùn rí, ó ti jẹ́ asà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà rí, wọ́n sì ti dá iye owó lé e lórí rí. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé a kì í fi oríkì Olówu ki ọmọ Oníkòyí yóò tètè lóye òṣùwọ̀n tí n ó fi wọn àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bí ìtàn wọn ti ń lọ: ṣé ẹni tí a dárúkọ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá mu, àbí a lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kí a fi ti ẹlòmíràn sí i, kí nǹkan kan má sì yí padà?

Nígbà tí Késárì Augustus ń jọba ní Róòmù, ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ìbí Olúwa wa, ọlọ́rọ̀ kan wà tí à ń pè ní Maecenas, ọ̀rẹ́ àti olùdámọ̀ràn ọba, tí àwọn akéwì rí gẹ́gẹ́ bí igi ńlá tí wọ́n fara tì. Virgil dárúkọ rẹ̀ nínú ewì tí ó kọ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, Horace sì fi orúkọ rẹ̀ ṣáájú ìwé orin tirẹ̀. Oko kan ní àwọn òkè Sabine, tí Horace ń jẹ èrè rẹ̀ tí ó sì ń sinmi níbẹ̀, ni a gbà pé ó ti ọwọ́ Maecenas wá. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń wá oko, nítorí Cicero, ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kírísítì, kọ ìwé rẹ̀ lórí ojúṣe ọmọ ènìyàn sí Marcus ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ẹnu ẹ̀kọ́ ní Áténì. Àwa tí à ń ka Bíbélì pàápàá kò jìnnà sí àṣà yìí: Lúùkù mímọ́ dárúkọ Tìófílù, ẹni ọlá, ní ìbẹ̀rẹ̀ Ìhìn Rere rẹ̀, ó sì tún dárúkọ rẹ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ Ìṣe Àwọn Àpósítélì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibòmíràn nínú Ìwé Mímọ́ tí a ti tún gbúròó ọkùnrin náà.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún méjì ó lé lẹ́yìn tí Gutenberg ti bẹ̀rẹ̀ ìwé títẹ̀ ní ìlú Mainz ní nǹkan bí 1450, kò sí òfin tí ó sọ pé òǹkọ̀wé ni ó ni ìwé tí ó kọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1710 ni irú òfin bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí ó bá ti gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé ti bọ́wọ́ kúrò nínú èrè ìwé rẹ̀, nítorí náà ìjòyè tí orúkọ rẹ̀ wà níwájú ìwé ni ó ń wojú rẹ̀ fún oúnjẹ, fún ipò, tàbí fún ààbò. Ààbò ni Copernicus wá nígbà tí ó fi ìwé rẹ̀ jìn fún Póòpù Paul kẹta ní 1543, nínú èyí tí ó ti sọ pé ayé ni ó ń yí oòrùn ká. Ọdún náà gan-an ni ó kú, ìjọ Kátólíìkì sì wá ká ìwé náà lọ́wọ́ kò ní 1616, tí orúkọ póòpù tí ó wà níwájú rẹ̀ kò sì gbà á sílẹ̀. Ipò ni Galileo wá, ó sì rí i. Ní 1610 ó rí òṣùpá mẹ́rin tí ń yí Júpítà ká, ó sọ wọ́n ní orúkọ ìdílé Medici, ó fi ìwé tí ó ròyìn wọn jìn fún Cosimo kejì tí í ṣe olórí ìdílé náà, kí ọdún sì tó parí ó ti di onímọ̀ ìṣirò àti ọ̀mọ̀ràn ààfin. Io, Europa, Ganymede àti Callisto ni ayé ń pe àwọn òṣùpá náà lónìí.

Ti Machiavelli ni ó ṣe mí láàánú jù. Ìjọba yí padà ní ìlú rẹ̀, Florence, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, wọ́n dá a lóró ní 1513, nígbà tí ó sì jáde ó jókòó sí oko rẹ̀, ó kọ ìwé kékeré kan lórí bí ọba ṣe lè jèrè ìjọba kí ó má sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Giuliano de' Medici ni ó pinnu láti fi ìwé náà jìn fún. Giuliano kú ní 1516, ó sì yí i sí orúkọ Lorenzo, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A kò gbọ́ pé Lorenzo san án lóore kan, Machiavelli sì ti kú fún ọdún márùn-ún kí wọ́n tó tẹ ìwé náà ní 1532. Ẹ kíyè sí i bí orúkọ ti rọrùn láti pààrọ̀: ìdílé Medici ni ọkùnrin náà ń bá sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣáà ti wà lórí àga.

Ó wá di pé kí òǹkọ̀wé sọ àgbà aláìmọ̀kan di Sólómọ́nì, kí ó sì sọ ojo di akọni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1697 fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Dryden, akéwì àgbà, túmọ̀ iṣẹ́ Virgil sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Tonson òǹtẹ̀wé rẹ̀ sì fẹ́ kí ó fi í jìn fún Ọba William kẹta, ṣùgbọ́n Dryden, tí ó jẹ́ Kátólíìkì tí ó sì ti pàdánù oyè akéwì ọba nígbà tí William gorí ìtẹ́, kọ̀ jálẹ̀. Kí ni Tonson ṣe? Ó mú àwòrán àtijọ́ tí yóò fi ṣe ìwé náà lọ́ṣọ̀ọ́, ó ní kí wọ́n tún imú Aeneas, akọni inú ewì náà, gbẹ́ kí ó tẹ̀ kọdọrọ bí imú ọba, kí ọba lè rí ara rẹ̀ nínú ìwé tí òǹkọ̀wé kò fi jìn ín. Dryden ní tirẹ̀ pín ìwé náà sí ọ̀nà mẹ́ta fún ìjòyè mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ni Olóyè Chesterfield kejì.

Ọmọ-ọmọ Chesterfield yìí ni ó fa ọ̀ràn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí. Samuel Johnson (kì í ṣe àlùfáà Ọ̀yọ́ tiwa tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́) dáwọ́ lé ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tẹ ètò iṣẹ́ náà jáde ní 1747 pẹ̀lú orúkọ Olóyè Chesterfield kẹrin níwájú rẹ̀. Pọ́n-ùn mẹ́wàá ni ó rí gbà, lẹ́yìn èyí ilẹ̀kùn tì. Ó ṣe iṣẹ́ náà nínú àìní àti àìlera, aya rẹ̀ kú ní 1752, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ títí tí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ fi lé ní ẹgbàá ogún. Nígbà tí ìwé náà kù díẹ̀ kí ó jáde, Chesterfield jí lójú oorun, ó kọ àròkọ méjì sínú ìwé ìròyìn láti yìn ín, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ó ń retí kí orúkọ òun wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n ta ni í dúpẹ́ oore tí a kò ṣe? Ní ọjọ́ keje oṣù kejì ọdún 1755 ni Johnson kọ lẹ́tà sí i, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó mú ju idà lọ, ó rán an létí ọdún méje tí òun fi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lásán, ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ìyìn tí ó dé nígbà tí ẹni tí òun ì bá fi hàn ti wọ káà ilẹ̀ kò wúlò fún òun mọ́. Ìwé atúmọ̀ náà jáde ní oṣù kẹrin ọdún náà láìní ọ̀rọ̀ ìfijìn kankan. A gbọ́ pé Chesterfield kò bínú. Orí tábìlì ni ó fi lẹ́tà náà sí, tí ó ń fi han àlejò, tí ó sì ń yin ọwọ́ tí ó kọ ọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé Johnson kan náà yìí ń bá àwọn òǹkọ̀wé mìíràn kọ ọ̀rọ̀ ìfijìn tiwọn, títí kan èyí tí ó lọ sí ìdílé ọba, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ tó o.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Laurence Sterne fi gbogbo àṣà náà ṣe ẹlẹ́yà. Nínú ìwé Tristram Shandy rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 1759, ó kọ ọ̀rọ̀ ìfijìn tí kò ní orúkọ, ó sì kéde pé olóyè tí ó bá mọ̀ pé ó bá òun mu kí ó mú gínì 50 wá.

Ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú ni àṣà yìí ti tún ní iyì. Phillis Wheatley, ọmọbìnrin tí wọ́n kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Boston ní kékeré, fi ìwé ewì rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1773 jìn fún obìnrin ọlọ́lá kan, Selina Hastings, ìyẹn Countess ti Huntingdon, nítorí láìsí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ta ni yóò gbà pé ẹrú ni ó kọ ọ́? Ṣùgbọ́n Olaudah Equiano ni ó ṣe ohun tí kò sí ìjòyè tí ó retí. Ní 1789 ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, kò sì fi orúkọ olówó kankan ṣáájú. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọlọ́lá àti àwọn aṣojú ìlú, ni ó kọjú sí, pé kí àánú àwọn tí wọ́n ń kó lẹ́rú ṣe wọ́n. Kò tọrọ oko, kò tọrọ ipò, ohun tí ó sì tọrọ kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní agbára láti ṣe é. Ó kú ní 1797. 1807 ni ilé ìgbìmọ̀ náà tó fòfin de òwò ẹrú.

Nígbà tí àwọn tí ń ra ìwé pọ̀ tó láti bọ́ òǹkọ̀wé, ìjòyè di ẹrù. Jane Austen kò fẹ́ràn ọmọ ọba tí ń ṣe adelé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ní 1815 òṣìṣẹ́ kan láti ilé ìkówèésí ààfin sọ fún un pé àyè wà fún un láti fi ìwé rẹ̀ jìn fún ọmọ ọba, ó sì mọ̀ pé àyè láti ààfin, àṣẹ ni. Orúkọ náà ṣì wà níwájú Emma, ó tutù bí omi àmù. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé e yan ẹni tí wọ́n fẹ́: Melville fi Moby-Dick jìn fún Hawthorne ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní 1851, Marx sì fi apá kìíní Capital jìn ní 1867 fún Wilhelm Wolff, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ti kú.

Òmìnira yìí náà ní ewu tirẹ̀, ẹyin sì ni ohùn. Charlotte Brontë, tí ó ń fi orúkọ àdàpè kọ̀wé, fi ẹ̀dà kejì Jane Eyre jìn fún Thackeray, òǹkọ̀wé tí ó bọ̀wọ̀ fún púpọ̀ tí kò sì bá pàdé rí. Kò mọ̀ pé aya Thackeray ní àrùn ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn inú ìwé náà dá lórí ọkùnrin tí ó fi aya rẹ̀ aṣiwèrè pamọ́ sí òkè ilé. Kíá ni àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti ń sọ pé olùkọ́ tí ń gbé nílé Thackeray ni ó kọ ọ́. Nítorí irú èyí ni ó ṣe dára kí a kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí a fẹ́ dárúkọ, bí ó bá wà láàyè.

Ní ọ̀rúndún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà tó kúrú tán, nítorí ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ó lè jẹ́ èébú: ilé ìtẹ̀wé mẹ́rìnlá ni ó kọ̀ láti tẹ ewì Cummings, owó ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ní 1935, ó sì to orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sí iwájú rẹ̀ ní àwòrán ìkòkò tí a ń kó eérú òkú sí. Ó lè jẹ́ ìfẹ́ ìyá: Buchi Emecheta, tí a bí ní Èkó, tí ó ń dá tọ́ ọmọ márùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù, fi Second-Class Citizen jìn fún àwọn ọmọ náà ní 1974, ó sì dúpẹ́ lórí ariwo wọn, ohun tí òǹkọ̀wé mìíràn ì bá kà sí ìdíwọ́.

Wọlé Ṣóyínká ni mo gbà pé ó mọ̀ ọ́n ṣe jù láàárín wa. Ní 1975 ó tẹ eré Death and the King's Horseman jáde, tí ó dá lórí olóyè Ọ̀yọ́ tí ó yẹ kí ó jó tẹ̀ lé ọba rẹ̀ lọ sí ọ̀run. Ó fi í jìn fún Ayọ̀délé bàbá rẹ̀ tí kò pẹ́ tí ó papòdà, ó sì fi ijó ṣàpèjúwe ìpapòdà náà, tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá fi ṣe ní àlàáfíà ohun tí olóyè inú eré náà kùnà láti ṣe. Nígbà tí ó kọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, Aké, ní 1981, orúkọ àdàpè tí òun fúnra rẹ̀ ń pe àwọn òbí rẹ̀ ni ó kọ sí iwájú: fún ìyá tí ó ṣì wà láàyè nígbà náà, àti ní ìrántí bàbá tí ó ń pè ní Essay nítorí S.A. tí ó ṣáájú orúkọ rẹ̀. Ó tún dárúkọ àwọn tí ìrántí inú ìwé náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ó má baà di pé a yọ wọ́n sílẹ̀ nínú ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ilé.