Owó iwájú, owó àárín: láti orí pọ́ọ̀lù dé orí fóònù

Tó bá jẹ́ inú dánfó lẹ wà báyìí, láàárín Ìkọ̀tún sí Ìgàndò, ẹ kú ìfaradà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á dípò kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, ẹ kú ojú lójú ìwé.

Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n tó máa ń gẹrun fún mi ní Ìgàndò gbé fóònù rẹ̀ sí mi lójú. Ó ti pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́fà léraléra. ₦500 ló kọ́kọ́ fi ta bọ́ọ̀lù. Nígbà tí kò jẹ, ó sọ ọ́ di ₦1,000, ó sọ ọ́ di ₦2,000, ó ń lọ́po bẹ́ẹ̀ títí tó fi dé ₦16,000. Ẹ ṣírò ẹ̀: ₦31,500 ti lọ.

"Àbúrò, ó ku ẹyọ kan péré. Kò lè máa bọ́ sódì títí láé. Yá mi ní ₦32,000."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá wá jẹ, èló ni èrè yín?"

Ó ronú díẹ̀. Ó ní ₦500.

Mi ò yá a. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, torí pé ẹ̀gbọ́n yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ ìṣirò dáadáa. Ohun tí ò wò ni iye tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, àti iye tó wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sí òdìkejì. Àwọn tó ń ta pókà ti fi ojú bẹ́ẹ̀ wo owó tipẹ́, torí náà ẹ jẹ́ ká gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá ká tó padà sílé.

Nínú pókà, oníkálukú ló ní owó níwájú ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pe ìyẹn ní owó iwájú. Èyí tí gbogbo wọn ti dá jọ, tí wọ́n ń du, ìyẹn ni owó àárín. Òfin àtijọ́ kan sì wà nídìí ẹ̀: ohun tó wà níwájú yín lórí tábìlì nìkan lẹ lè fi ta. Ẹ ò lè tọwọ́ bọ àpò nígbà tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ yín. Lọ́dún 2007, Matt Flynn, Sunny Mehta àti Ed Miller gbé ìwé kan jáde, Professional No-Limit Hold 'em, tí wọ́n fi sọ ohun tí àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ń ṣe di ìṣirò kan ṣoṣo: ẹ fi owó àárín pín owó iwájú. Tẹ́ ẹ bá ní ₦1,000, tí ₦1,000 wà láàárín, 1 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ní ₦15,000, tí ₦1,000 wà láàárín, 15 nìyẹn. Káàdì kan náà lè wà lọ́wọ́ yín nígbà méjèèjì, síbẹ̀ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe yàtọ̀. Nígbà tó jẹ́ 1, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Káàdì tó dáa díẹ̀ ti tó láti kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó jẹ́ 15, káàdì yẹn kan náà lè mú kẹ́ ẹ fi ₦15,000 ṣòfò nídìí ₦1,000.

Ìtàn kan wà tí àwọn ọmọ tẹ́tẹ́ fẹ́ràn gan-an. Lọ́dún 1982, ní Las Vegas, èèyàn 104 san $10,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan láti díje nínú World Series of Poker. Wọ́n ní Jack Straus ti owó iwájú rẹ̀ sílẹ̀, ó pàdánù, ó dìde láti máa lọ ilé, ló bá rí ṣíìpù kan, $500, tó fara pamọ́ sábẹ́ tíṣù. Torí pé kò fẹnu sọ pé gbogbo ẹ̀ lòun kó sílẹ̀, wọ́n ní kó jókòó padà. Òun náà ló borí gbogbo wọn, tó gba $520,000. Ṣẹ́ ẹ rí i? Ẹyọ kan péré ló kù! Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé gbogbo ṣíìpù tó wà nínú yàrá yẹn lópin: 104 lọ́nà $10,000, ìyẹn $1,040,000. Ọwọ́ àwọn tí owó tiwọn náà lè tán ni Straus ti gbà á, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì lè sáré lọ bánkì láàárín eré.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Kí lótò àti fóònù tó dé, pọ́ọ̀lù ni àwọn baba wa ń ta, orúkọ yẹn gan-an sì fara pẹ́ owó àárín. Kí gbogbo èèyàn da owó jọ, kí ilé-iṣẹ́ yọ tiẹ̀, kí àwọn tó jẹ pín ìyókù. Lọ́dún 1923, John Moores àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ Littlewoods ní Liverpool. Wọ́n pín ìwé 4,000 níwájú pápá Manchester United. 35 péré ló padà. Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà gbilẹ̀, ó sì bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ Èkó. Baba kan wà ládùúgbò wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí kò wọ bàlúù rí, tó sì máa ń ka orúkọ àwọn kílọ́ọ̀bù Scotland bí ẹni ń ka oríkì. Ọ̀mì ni wọ́n ń wá. Tí bọ́ọ̀lù bá sinmi ní England, wọn a bọ́ sórí ti Australia. Ní January 1963, nígbà tí yìnyín bo pápá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àwọn onípọ́ọ̀lù kó ìgbìmọ̀ kan jọ ní London láti pinnu èsì eré tí ẹnikẹ́ni ò gbá. Ẹ ò rí nǹkan!

Àmọ́ oríṣi mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó wá gba ipò: kẹ́ ẹ tó ta ni iye tí wọ́n máa san ti wà lórí ìwé. Kessington Adebutu, ọmọ Ìpẹru-Rẹ́mọ tó ti ṣiṣẹ́ pọ́ọ̀lù tipẹ́, dá Premier Lotto sílẹ̀ lọ́dún 2001. Ẹ mọ̀ ọ́n: Baba Ìjẹ̀bú. Nọ́ńbà 90, wọ́n á yọ 5. Tẹ́ ẹ bá mú méjì, tí méjèèjì jáde, ₦1 di ₦240. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì-méjì tó wà nínú nọ́ńbà 90 jẹ́ 4,005, mẹ́wàá péré ló sì ń jẹ nínú ẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹyọ kan nínú bí 400. Nínú ₦100 tí a bá ta, bí ₦60 ló ń padà tó bá pẹ́.

Ohun tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú ìyípadà yẹn rèé. Owó àárín ti pòórá. Ẹ ò bá aládùúgbò yín du nǹkan mọ́. Ilé-iṣẹ́ ló jókòó síwájú yín, owó iwájú tiẹ̀ ò sì sí lórí tábìlì kẹ́ ẹ rí i kà. Lọ́dún 1657, Christiaan Huygens, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, kọ ìwé kékeré kan lórí tẹ́tẹ́. Ìbéèrè tó fi parí ẹ̀ dá lórí ẹni méjì tí wọ́n ń ta títí owó ọ̀kan fi máa tán. Ẹ jẹ́ ká fi tiwa wò ó: kí eré náà tiẹ̀ dọ́gba bíi kọ́ìnsì tí wọ́n jù sókè, kí wọ́n máa fi náírà kọ̀ọ̀kan ta. Ẹni tó ní ₦1,000, tó dojú kọ ẹni tó ní ₦1,000,000, owó tiẹ̀ ló máa tán ní ìgbà 1,000 nínú 1,001. Ibi tó dọ́gba la ṣì wà yẹn o.

Ọdún 2009 ni Akin Alabi gbé NairaBet sórí íntánẹ́ẹ̀tì. (Òun náà ló wá ń ṣojú Ẹ̀gbẹ́dá nílé aṣòfin Àbújá, àmọ́ ti Ọ̀yọ́ ni o, kì í ṣe tiwa.) Bet9ja tẹ̀lé e lọ́dún 2013. Látìgbà yẹn, òfin tábìlì ti wọmi. Ẹni tó ń ta lótò ní kíósì ní Ìkọ̀tún, tó bá ná ₦2,000 tó mú dání tán, ó ní láti rìn padà sílé kó tó lè ta òmíràn. Lórí fóònù, àpù bánkì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpù tẹ́tẹ́. Èèyàn lè tọwọ́ bọ àpò láàárín eré ní aago méjì òru, kó tún yá owó níbẹ̀ náà.

Ní ọjọ́ 22 oṣù November 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé òfin lótìrì ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2005. Èkó wà lára àwọn tó gbé ẹjọ́ náà lọ, wọ́n sì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ta ló láṣẹ ni wọ́n ń bára wọn fà. Iye tẹ́nì kan lè ta kílẹ̀ tó mọ́ kò sí níbẹ̀.

Mo padà lọ gẹrun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Klípà wà níbẹ̀, dígí wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Mi ò béèrè. Ẹ̀gbọ́n ní kí n jókòó, wọ́n á mú iná wá láìpẹ́.